Ṣé báńkì ló kọ ímeèlì yìí àbí gbájúẹ̀? Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n lórí fóònù yín láìtẹ ohunkóhun

Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹnì kan á wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Adó-Èkìtì, á na fóònù sí mi: "Ẹ bá mi wò ó, ṣé báńkì ló kọ èyí lóòótọ́?" Màá béèrè bóyá wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tó wà nínú rẹ̀. "Mo kàn tẹ̀ ẹ́ wò ni, kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń kó sí. Wọ́n rò pé títẹ̀ ẹ́ ni yíyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó fi ekòló bo ìwọ̀ kò retí pé kí ẹja kọ́kọ́ gbé e mì. Kí ó ṣáà tọ́ ọ wò ló ń retí. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí mo fi ń yẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wò láìtọ́ ọ wò rárá. Áàpù Gmail orí fóònù Android ni mo fi ṣàlàyé, torí òun ni mo ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Fóònù yín, àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹnikẹ́ni kò ní máa kánjú yín.
- Káàdì àtíẹ́ẹ̀mù yín. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nọ́ńbà ìpè báńkì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù nìkan, torí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ tí fóònù náà kò sí lọ́wọ́ yín.
- Kóòdù tí báńkì yín fi ń ti àkáǹtì pa láti orí fóònù, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìràwọ̀. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ béèrè ní kàńtà lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ, kí ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ nọ́ńbà yẹn.
- Ímeèlì kan tí kò léwu, tí línkì (ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tí títẹ̀ ẹ́ ń ṣí ojú ewé mìíràn) wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín fi ọ̀kan ránṣẹ́, kí ẹ fi kọ́ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára gíláàsì

Kíka ímeèlì nìkan kì í sábà pa ènìyàn lára. Ohun mẹ́rin ló ń pani lára: kí ẹ tẹ línkì, kí ẹ ṣí fáìlì tí wọ́n so mọ́ ọn, kí ẹ dá èsì padà, àti kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ti ṣí lẹ́tà náà kí ara tó fu yín, ẹ má jáyà, ẹ má sì sáré pa fóònù. Ẹ kàn gbọ́wọ́ kúrò.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* àwọn kan máa ń dá èébú padà. Ó máa ń dùn, mo ti ṣe é rí. Ohun tí èébú náà sọ fún olè ni pé ẹnì kan wà nídìí àdírẹ́sì yìí, ó sì ń ka lẹ́tà dáadáa. Lẹ́yìn èébú tèmi ni lẹ́tà olè wá ń rọ́ wọlé sí mi bí eéṣú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé lẹ́tà náà nìkan ló wà lójú fóònù, tí ojú ewé mìíràn kò ṣí? Ẹ máa bọ̀ ní Ìgbésẹ̀ 2. Tí ojú ewé mìíràn bá ti ṣí ṣùgbọ́n tí ẹ kò kọ nǹkan kan sí i, tí nǹkan kan kò sì wọlé sórí fóònù, ẹ pa á dé, kí ẹ máa bá a lọ. Tí ẹ bá ti kọ nǹkan sí i, ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀, ẹ lọ tààrà sí Ìgbésẹ̀ 7.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo ẹni tó fi ránṣẹ́

Orúkọ gàdàgbà tó wà lókè kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ báńkì tó bá wù ú síbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ran aṣọ ọlọ́pàá fún ara rẹ̀. Àdírẹ́sì gan-an wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kékeré kan, "to me", tí ọfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ ọfà náà, àdírẹ́sì á jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn àmì @ ni kí ẹ kà.

Lẹ́tà tó ní báńkì ni òun, tí gmail.com sì wà lẹ́yìn @, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ní JAMB ni òun, tí kì í ṣe jamb.gov.ng ló wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ni wọ́n ń fún ní .gov.ng. Tí ẹ bá rí àmì ìbéèrè (?) níbi tó yẹ kí àwòrán tàbí lẹ́tà orúkọ wà, Gmail ń sọ fún yín pé òun kò rí ẹ̀rí pé ẹni tí lẹ́tà náà dárúkọ ló kọ ọ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* ẹ rí àdírẹ́sì tó tọ́, ọkàn yín wá balẹ̀. Àdírẹ́sì ṣe é yí bí orúkọ ṣe ṣe é yí, bó tilẹ̀ le díẹ̀. Àkáǹtì ẹni tí ẹ mọ̀ pàápàá lè ti bọ́ sọ́wọ́ olè, kí olè wá máa fi orúkọ ọmọ yín gan-an kọ̀wé sí yín pé òun nílò owó. Ìgbésẹ̀ yìí lè dá olè lẹ́bi. Kò lè dá ẹnikẹ́ni láre.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn @ sókè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ibi tí línkì ń lọ, láìlọ síbẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń ṣòro jù.

Ẹ fi ìka kan tẹ línkì tàbí bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, ẹ má gbé ìka kúrò títí àpótí kékeré kan á fi yọ. Àdírẹ́sì ibi tí línkì ń lọ wà lókè àpótí náà. Tí ẹ bá ti kà á, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn (Back) láti jáde, ẹ má yan ohunkóhun nínú àpótí náà.

Lórí ímeèlì tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò o. Ìka tó bá yára gbéra ti wọlé nìyẹn. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ jókòó tì mí lórí ọ̀rọ̀ yìí fún odidi ọ̀sán.

"Ọmọ mi, ó tún ti ṣí o."

"Ìyá, ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó ni. Ẹ ṣe é bí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ka sórí ìwé ní báńkì. Ṣé ẹ máa ń sáré gbé àtàǹpàkò?"

"Rárá o, wọ́n á ní kò hàn."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Látìgbà yẹn, kò ṣí mọ́.

Ó ku kíkà rẹ̀. Ẹ wá igi ìdagun (/) àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn https://. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ wá máa kà á padà sẹ́yìn, láti ọ̀tún sí òsì. Ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó kan igi yẹn ni orúkọ onílé (àmì ìdánudúró [.] ló ń pín àwọn ọ̀rọ̀ náà). Tí ó bá jẹ́ com.ng tàbí gov.ng ló parí rẹ̀, ẹ ka mẹ́ta. Gbogbo ohun tó ṣáájú wọn kàn jẹ́ yàrá tí onílé kọ́ sínú ilé ara rẹ̀, ó sì lè pe yàrá rẹ̀ ní ohunkóhun.

Ẹ wo mẹ́ta yìí. Mo fi example.com dúró fún ìkànnì olè:

- https://www.jamb.gov.ng/ : onílé ni jamb.gov.ng. Ó tọ́.
- https://jamb.gov.ng.example.com/ayewo : onílé ni example.com. JAMB kò sí níbẹ̀.
- https://example.com/jamb.gov.ng : onílé ṣì ni example.com. Ohun tó wà lẹ́yìn igi kò ka nǹkan kan.

Tí ó bá ṣì ń dàrú lójú yín, ẹ rò ó báyìí. Tí ẹnì kan bá ní ilé òun wà ní "Òpópónà Ààfin Ewì, Ìlawẹ̀", Ìlawẹ̀ ni ẹ máa bá a. Ẹ lè rìn yí ààfin Ewì ká ní Adó títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ kò ní rí i. Orúkọ ìlú tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ibi tó ń gbé.

Wọ́n tún ní ọgbọ́n kéékèèké mìíràn. Lẹ́tà r àti n tó sún mọ́ra máa ń dà bí m lójú fóònù kékeré. Òdo máa ń dúró fún o, ení máa ń dúró fún l. Wọ́n á fi àmì kékeré (-) so ọ̀rọ̀ mọ́ orúkọ báńkì, bíi "secure" tàbí "update". Onílé mìíràn gbáà nìyẹn. Línkì kúkúrú bíi bit.ly kò fi onílé hàn rárá, nítorí náà ẹ kà á sí ẹni tó fi ìbòjú bojú wá sílé yín lóru.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* àmì àgádágodo. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń kọ́ àwọn àgbà pé tí àgádágodo bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, ewu ti tán. Ohun tí àgádágodo ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lójú ọ̀nà. Kò sọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ní òdì kejì. Olè náà lè ra àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀fẹ́ tilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ orúkọ onílé sí abẹ́ ohun tí ẹ kọ ní Ìgbésẹ̀ 2. Ṣé wọ́n bára mu? Ṣé wọ́n bá orúkọ ìkànnì tó wà lórí ìwé tí báńkì fún yín mu? Tí ẹ kò bá lè fi ìka tọ́ka sí onílé, ẹ ṣe é bí ẹni pé olè ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Kí ló ń fẹ́ lọ́wọ́ yín?

Nígbà kan, òyìnbó tó wọ́ ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ pa ìyẹn tì. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn kọ ọ́ báyìí, òyìnbó wọn sì lè dán ju ti máníjà lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Èkìtì gan-an, torí a fẹ́ràn ìwé, òyìnbó ẹni la sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì mú lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì wá bá mi, ó ní òótọ́ ni, torí "kò sí kọ́mà kan tó ṣì gbé níbẹ̀." Lóòótọ́ ni, kọ́mà kankan kò ṣì gbé. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Ohun tí lẹ́tà ń béèrè ni kí ẹ wò. Báńkì kì í fi ímeèlì béèrè PIN yín, kì í béèrè páàsíwọ̀ọ̀dù, kì í béèrè nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, kì í sì í béèrè OTP, ìyẹn kóòdù tó máa ń wọlé sórí fóònù nígbà tí owó bá fẹ́ jáde. Ẹ̀yin ni OTP wà fún, ẹnikẹ́ni kò ní ìdí láti gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bó ṣe ń lé yín. "Kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé." "A ó ti àkáǹtì yín pa." Tàbí kí ó gba ọ̀nà adùn: ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn àgbẹ̀, orúkọ yín ti jáde, iṣẹ́ wà fún ọmọ yín tó jáde ní yunifásítì Ọ̀yẹ́, ẹrù kan dè yín ní kọ́sítọ̀ọ̀mù, ojú ewé Facebook tí ẹ fi ń tajà fẹ́ pa rẹ́. Ìbẹ̀rù tàbí ojúkòkòrò, ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò lò, ìkánjú ni yóò sì fi tì í lẹ́yìn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* irọ́ wọn máa ń ní òótọ́ nínú. Ní 2024, àṣẹ Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, mú kí wọ́n fi òté lé àkáǹtì tí kò ní BVN tàbí NIN lóòótọ́. Gbogbo wa gbọ́ ọ lórí rédíò. Nítorí náà, tí lẹ́tà bá ní "BVN yín kò tíì wọlé", ó máa ń jọ ohun tí a ti gbọ́ rí. Pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òótọ́ lórí rédíò kò sọ ẹni tó kọ lẹ́tà yìí di báńkì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi gbólóhùn kan sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: "Ó fẹ́ kí n ṣe báyìí, kí àkókò báyìí tó tó." Ọ̀pọ̀ máa ń gbọ́ irọ́ náà fúnra wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tiyín

Tí ẹ bá fi Ìgbésẹ̀ 2, 3 àti 4 sílẹ̀, tí ẹ di èyí nìkan mú, ẹ ṣì lè yè é. Ẹ fi lẹ́tà náà sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá báńkì lọ ní ọ̀nà tí ẹ ti mọ̀ kí lẹ́tà náà tó dé. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín. Tàbí kí ẹ ṣí áàpù báńkì tó ti wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀. Tàbí kí ẹ wọ ọ̀kadà lọ sí báńkì. Tí ó bá jẹ́ ọmọ yín ló ní òun nílò owó, ẹ pè é, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* wọ́n á kọ orúkọ báńkì sínú Google, wọ́n á tẹ èyí tó kọ́kọ́ yọ. Ẹ wò ó dáadáa: tí "Sponsored" bá wà lórí rẹ̀, ẹnì kan ló sanwó kí ó lè wà lókè. Olè náà ní owó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí báńkì bá ní àwọn kò kọ lẹ́tà kankan, ọ̀rọ̀ tán. Tí wọ́n bá ní àwọn ló kọ ọ́, ẹ ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ níbẹ̀, lórí ìpè yẹn tàbí ní kàńtà. Ẹ má padà sínú lẹ́tà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi sùn, kí ẹ pa á rẹ́

Lórí fóònù, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó tò lọ sísàlẹ̀ ní òkè lẹ́tà náà, kí ẹ yan "Report spam". Tí ẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí "Report phishing" níbẹ̀, òun ni kí ẹ yàn. Ẹ má tẹ "unsubscribe" tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà olè; línkì lòun náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́tà náà á ti kúrò nínú àpótí yín, á ti wà nínú "Spam".

Ìgbésẹ̀ 7: Tí ẹ bá ti gbé ìwọ̀ mì

Ẹ má jókòó máa tijú. Ìtìjú ló ń fún olè ní wákàtí tó nílò. Ohun tí ẹ fún wọn ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà káàdì, PIN tàbí OTP: ẹ pe báńkì lẹ́sẹ̀ yìí kan náà, tàbí kí ẹ tẹ kóòdù tó ń ti àkáǹtì pa. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ti káàdì náà pa, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà àti aago tí ẹ pè. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀sùn. Tí owó bá ti jáde, ẹ fi sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá náà. Òfin tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà láti 2015, wọ́n sì ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 2024. Tí báńkì bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn sí i.

Páàsíwọ̀ọ̀dù ímeèlì: ẹ ṣí "Settings" fóònù, ẹ wọ "Google", lẹ́yìn náà "Manage your Google Account", kí ẹ wá wọ "Security". Ẹ pààrọ̀ páàsíwọ̀ọ̀dù. Ní ojú ewé kan náà, ẹ wo "Your devices". Fóònù tí ẹ kò mọ̀ tó bá wà níbẹ̀, ẹ lé e jáde. Ẹ wo nọ́ńbà àti ímeèlì ìgbàpadà ("Recovery phone" àti "Recovery email") náà, torí olè tó bá wọlé sábà máa ń fi tirẹ̀ sí i kí ó lè padà wá. Ibi gbogbo tí ẹ ti lo páàsíwọ̀ọ̀dù kan náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. (Mo mọ̀ pé ẹ lò ó níbi mẹ́fà.)

Fáìlì tàbí áàpù tí ẹ gbà wọlé: ẹ pa dátà àti Wi-Fi, ẹ yọ áàpù náà kúrò, kí ẹ sì lo fóònù ẹlòmíràn láti pààrọ̀ páàsíwọ̀ọ̀dù, torí èyí tó wà lọ́wọ́ yín lè máa wò yín.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* ọ̀nà méjì ni. Èkíní, wọ́n á fi ìbínú pa lẹ́tà náà rẹ́, kò wá ní sí ohun tí wọ́n máa fi han báńkì. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó fi ṣe ohunkóhun. Èkejì ló dùn mí jù: lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹnì kan á pè pé òun lè bá yín gba owó náà padà, kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ san owó iṣẹ́. Àwọn olè àkọ́kọ́ náà ni, tàbí ẹni tó ra orúkọ yín lọ́wọ́ wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́. Káàdì àtijọ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fóònù yín nìkan ló wà nínú "Your devices".

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ fi ìlẹ̀kùn kejì sí i

Ní "Security" yẹn náà, ẹ tan "2-Step Verification". Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá jí páàsíwọ̀ọ̀dù yín kò lè fi òun nìkan wọlé. Google á fún yín ní "Backup codes" mẹ́wàá tí ẹ bá béèrè; ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù.

Tí ẹnì kan bá pè yín tàbí kọ̀wé pé kí ẹ ka kóòdù tó wọlé fún òun, ó ṣeé ṣe kí ó ti ní páàsíwọ̀ọ̀dù yín, kí ó jẹ́ ẹnu ìlẹ̀kùn kejì ló dúró sí. Ẹ má kà á fún un. Ẹ padà lọ pààrọ̀ páàsíwọ̀ọ̀dù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gba fóònù ọmọ yín, kí ẹ gbìyànjú láti wọ ímeèlì yín lórí rẹ̀. Tí páàsíwọ̀ọ̀dù nìkan bá gbé yín wọlé, ìlẹ̀kùn kejì kò tíì tì. Ẹ padà lọ tàn án. Tí ó bá ní kí ẹ mú kóòdù wá, tàbí kí ẹ fọwọ́ sí i lórí fóònù tiyín, ó ti tì. Ẹ jáde kúrò lórí fóònù ọmọ náà, kí ẹ dá a padà fún un.